Àbúrò Awakọ̀

Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n ti ń wa bọ́ọ̀sì ìjọba ìlú, àbúrò ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Ọkùnrin kan wà nígbà náà tó fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún un láìfi bò pé òun kò lè gbé ìyàwó kí ọmọ ọlọ́mọ tún bá a wọlé. Obìnrin náà ní kò burú. Ó di ẹrù ọkùnrin náà fún un, ó pọn àbúrò rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá kan án láti jáde ní ìdájí, á gbé ọmọ náà jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an nínú bọ́ọ̀sì, á fi bẹ́líìtì dè é, ọmọ á sì máa bá èrò tàkúrọ̀sọ títí oòrùn á fi yọ.

Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sí èrò tó máa wọlé tí kò ní bi léèrè ibi tó ń lọ àti ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fa ẹsẹ̀, á ké mọ́ ọn pé kó wọlé kíá, ẹ̀gbọ́n òun kò ní gbogbo ọjọ́. Ní gáréèjì, níbi tí wọ́n ti ń pe obìnrin náà ní Àǹtí Ọlọ́kọ̀, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé, "Àǹtí Ọlọ́kọ̀, ọmọ yín yìí, ẹnu ló máa fi jẹun o." Òun náà á ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹnu ọ̀hún kọ́kọ́ sinmi."

Ọmọ náà dàgbà, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Baba Fìlà ṣẹlẹ̀.

Awakọ̀ àgbà kan ni Baba Fìlà, tí kì í ṣí fìlà onírun àgùntàn kúrò lórí, ìbáà jẹ́ nínú ooru. Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ já láti orí òkè, ó sì wọ àárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń sọdá títì. Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kò tíì parí tí olórí ìlú ìgbà náà fi bọ́ sórí rédíò pé oorun ló gbé awakọ̀ lọ. Wọ́n gbé bàbá náà sátìmọ́lé.

Àǹtí Ọlọ́kọ̀ délé lọ́jọ́ náà, kò lè bọ́ bàtà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Wọ́n á pa bàbá yẹn mọ́ ẹ̀wọ̀n ni," ló sọ. "Kì í ṣe oorun. Bíréèkì ni. Ó sọ fún mẹkáníìkì láàárọ̀."

Àbúrò rẹ̀ gbé ìwé tó ń kà sílẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ọ?"

"Etí mi méjèèjì yìí ni. Ó ní, 'Bíréèkì yìí ti lọ o.' Mẹkáníìkì ní kó ṣì máa rọra lò ó, pé kò sí èyí tí wọ́n máa fi pààrọ̀ ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ níta gbangba?"

Ó wo ojú ọmọ náà. Ẹ̀rù bà á. Ó ní òun lè sọ ọ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ló kọ́kọ́ dúró níwájú ilé ìjọba ìlú, oòrùn ń pa wọ́n, ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n sí. Àbúrò gun orí ìganná, ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó kú, ó sọ̀rọ̀ Baba Fìlà, lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á figbe ta pé, "A ò gbà!" Àwọn tó ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ sí dúró. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìlú kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́. Aògbà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọlọ́pàá da tajútajú sí wọn lára. Wọ́n gbá a mú, ọ̀kan nínú wọn tó ní àpá lágbọ̀n fi ìdí ìbọn gbá a lójú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ bá a ní àgọ́ ọlọ́pàá, ojú òsì rẹ̀ ti wú pa.

"Ṣé o rí ara ẹ?" Ó ń bínú, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ṣé torí èyí ni mo ṣe tọ́ ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èwo lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dákẹ́?"

Ó ṣí oúnjẹ náà, ó gbé e síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì rẹ̀ láàárín títì, tó bọ́ sílẹ̀, tó sì rìn lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Awakọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, bọ́ọ̀sì ti tò láti gáréèjì dé ilé ìjọba. Òun náà gun orí ìganná, ó sì sọ ohun tó gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá náà. Kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ bí àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ.

Ìjọba tú Baba Fìlà sílẹ̀. Nígbà tí ìbò dé, olórí ìlú náà fìdí rẹmi. Wọ́n gbé Aògbà sí èjìká yí ìgboro ká, ó sì ń wo orí àwọn ènìyàn kiri bí ẹni tó ń wá nǹkan, títí ó fi rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ó rìn lọ bá a, ó gbé orí lé e léjìká níwájú gbogbo ayé, kò sọ̀rọ̀ kankan, òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà kò tún ní ọjọ́ tó dùn tó ọjọ́ yẹn mọ́ láyé rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn olóṣèlú fi wá a wá. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ̀rọ̀ lọ̀.

"Lọ," ni obìnrin náà sọ. "Tó ò bá lọ, ọ̀lẹ kan ni wọ́n máa gbé síbẹ̀."

Ó lọ. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, pẹ̀lú tábìlì tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, bó bá ti délé, á máa sín àwọn àgbà ìjọba jẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bí ẹni kan ṣe ń sùn nínú ìpàdé tó sì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́, bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣẹ́ èpè lé ẹ̀rọ amúlétutù tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì. Ó ṣì ń wá, ṣùgbọ́n kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá bèèrè pé, "Bàbá olóorun wa ńkọ́?" á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn dáadáa ni bàbá yẹn o. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó jáde fún ipò olórí ìlú. Gbogbo awakọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Ọlọ́kọ̀ lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n ní kó ṣí i kúrò, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Aògbà wọlé wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ ìbúra, ó dúró lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba, ó ní kí ọdún náà tó parí, kò ní sí bọ́ọ̀sì ògbólógbòó kan ṣoṣo mọ́ ní títì ìlú yìí. Ìhó sọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n lọ kí i ní ọ́fíìsì tuntun, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ lọ. Ọlọ́pàá tó ṣílẹ̀kùn fún un ní àpá lágbọ̀n. Ó wò ó, ó tún un wò. Nígbà tó wọlé, ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ìwọ, ọ̀gbẹ́ni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, ṣé o ò dá a mọ̀ ni?"

"Mo dá a mọ̀," ni Aògbà sọ. "Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe nígbà yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ náà ló ń ṣe báyìí."

Akọ̀wé kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jẹ́jẹ́. Nígbà tó ń sin obìnrin náà jáde, ó rọra ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Tí àwọn èèyàn bá ti wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ 'ìwọ' fún Ọlọ́lá. Ẹ máa sọ 'ẹ̀yin.'"

Ẹ̀gbọ́n rò pé akọ̀wé náà ń ṣàwàdà. Ó bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ kò sì jìnnà sí wọn; ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Àwọn bọ́ọ̀sì tuntun dé. Wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, wọ́n so ríbọ́n mọ́ wọn nímú, àwọn oníròyìn ya fọ́tò. Àǹtí Ọlọ́kọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní kọ́kọ́rọ́. Kò tíì wà á kọjá ẹnu ọ̀nà gáréèjì tí ara rẹ̀ fi sọ fún un. Rọ́bà tó wà lójú ibi ìtẹ̀ bíréèkì ti jẹ dànù lápá kan, bí gìgísẹ̀ bàtà ẹni tó ti rìn jìnnà. Lábẹ́ ọ̀dà àwọ̀ ewé náà, ó rí ipa lẹ́tà èdè àjèjì. Àlòkù ni gbogbo wọn. Bó bá sì tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì wọlé bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù.

Ó lọ fẹjọ́ ọkọ̀ náà sun ọ̀gá gáréèjì. Baba Fìlà ni ọ̀gá gáréèjì báyìí. Aògbà ló fi í síbẹ̀, gbogbo awakọ̀ ló sì bá a yọ̀ nígbà náà.

"Rọra, Àǹtí," ni Baba Fìlà sọ. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ ọ́. "Ọmọ wa ló wà níbẹ̀. Kí la fẹ́ kí ayé sọ?"

Ọjọ́ Àìkú, ó lọ sí ilé àbúrò rẹ̀. Ìyàwó gbé ohun mímu wá, ó kí i dáadáa, ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú pálọ̀. Aògbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló sì ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kàn jẹ́.

"O mọ̀," ni obìnrin náà sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó kó ọkọ̀ yẹn wọlé ló náwó sí ìbò mi. Tí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí, wọ́n á yọ mí nípò. Ẹni tí wọ́n máa gbé síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ máa sunkún. Ẹ fún mi lásìkò díẹ̀."

"Nígbà tí wọ́n ti Baba Fìlà mọ́lé, ṣé o fún wọn lásìkò?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Nígbà yẹn, ọmọdé ni mí."

"Nígbà yẹn lo gbọ́n," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. Ó dìde, kò fọwọ́ kan ohun mímu náà.

Síbẹ̀, ó ń wa bọ́ọ̀sì náà lọ. Ó lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ ni wọ́n máa gbé e fún, ó sì rò pé bí òun bá ń rọra, tí òun ń jìnnà sí ọkọ̀ iwájú, ọwọ́ òun á ká a. Bóyá ó tún ń retí àsìkò tí àbúrò rẹ̀ bèèrè. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn, ó sì ń tẹ̀ síwájú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì kún fọ́fọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ dé ilẹ̀ pátákó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó fa jíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké tòò, ọkọ̀ kò dúró. Ní ìsàlẹ̀ afárá, èrò ń sọdá lọ sí ọ̀nà iṣẹ́ wọn, ẹlòmíràn ń wo fóònù. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ fèrè, kò gbé e kúrò, ó sì yí ọkọ̀ náà sí ògiri ilé ìkẹ́rùsí sìmẹ́ǹtì kan tó wà lápá ọ̀tún.

Kò sí ẹnì kan tó kú lórí títì. Nínú ọkọ̀, obìnrin aránṣọ kan tó jókòó níwájú gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Òun ló kú. Egungun itan ọ̀tún Àǹtí Ọlọ́kọ̀ fọ́ yángá.

Ohùn àbúrò rẹ̀ ló gbọ́ nígbà tó lajú ní ilé ìwòsàn. Ó rò pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì na ọwọ́. Rédíò ni. Aláìsàn kan ló tan án sókè.

"A bá ẹbí olóògbé kẹ́dùn," ni ohùn náà ń sọ. "Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkọ̀ náà kò ní àbùkù kankan. Ó ti rẹ awakọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni awakọ̀ yìí, òun ló tọ́ mi. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, lábẹ́ ìṣàkóso mi, òfin kò mọ ẹbí." 

Nọ́ọ̀sì sáré wá pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo wọ́ọ̀dù ti gbọ́, gbogbo ìlú sì ti gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: wọ́n yìn ín. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, nínú ọ́fíìsì, lórí fóònù, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ ò rí olórí, ẹni tí kò dá ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ sí. Àwọn ìwé ìròyìn ìlú mìíràn gbé àwòrán rẹ̀ jáde.

Ó wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kẹta. Ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró síta. Ó jókòó, ó sì sunkún, ẹkún gidi, imú rẹ̀ ń ṣàn bíi ti ọmọ tó máa ń jókòó lẹ́yìn awakọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá pè yín síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ẹ kàn sọ pé ó rẹ̀ yín. Wọn ò ní tì yín mọ́lé, mo ti bá wọn sọ ọ́. Màá tọ́jú yín títí ayé."

"Obìnrin tó kú, wọ́n ní aránṣọ ni."

"Mo mọ̀. Mo ti dé ilé wọn."

"Kí lo sọ fún wọn?"

Aògbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"O sọ fún wọn pé èmi ni mo pa á."

"Ẹ jọ̀ọ́," ló ń sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà yí ojú sí ògiri. Nígbà tó máa fi yí i padà, àga náà ti ṣófo.

Igi ìtilẹ̀ méjì lábẹ́ abíyá ló fi rìn dé iwájú ìgbìmọ̀. Ó sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọ̀dà, rọ́bà tó jẹ, bíréèkì tó ń rì. Wọ́n gbọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọ̀gá gáréèjì. Baba Fìlà ṣí fìlà kúrò lórí, ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin náà máa rí orí rẹ̀ nìyẹn, ó pá, ó ń dán, ó kéré. Ó ní wọ́n yẹ bíréèkì náà wò lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, pé kò sí ohun tó ṣe é. Ó ń fún fìlà náà lọ́wọ́ bí aṣọ tó tutù. Wọ́n bi í bóyá awakọ̀ náà fẹjọ́ ọkọ̀ sùn ín rí. Ó ní rárá.

Àǹtí Ọlọ́kọ̀ kò pariwo. Ó kàn ń wo bàbá náà, ó ń rántí bí òun ṣe gun orí ìganná nítorí rẹ̀.

Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ títí láé. Nípa ti ẹ̀wọ̀n, wọ́n kéde rẹ̀ pé olórí ìlú bẹ̀bẹ̀ àánú fún un, ìyìn mìíràn nìyẹn fún Aògbà. Nígbà tó lè rìn díẹ̀, ó wá ilé aránṣọ náà lọ. Ọkọ olóògbé ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ni?" Àǹtí Ọlọ́kọ̀ ní òun ni, ó ní òun wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọkùnrin náà ní àbúrò rẹ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn, kí ó máa lọ. Kò bú u. Ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

Iṣẹ́ tó rí ni kíká aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn àti ti ilé ìtura. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Ooru ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ ń pariwo, ènìyàn kì í sì í lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó kọ ohun gbogbo tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń gbé e wá mọ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní ṣí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Aògbà ṣe mínísítà ní olú ìlú orílẹ̀-èdè. Ìrìnnà ni wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀sì gbogbo ilẹ̀ náà. Ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀ṣọ́. Obìnrin náà ṣí i. Àbúrò rẹ̀ ti sanra díẹ̀, irun funfun ti yọ sí i létí. Yàrá náà kéré débi pé orí ibùsùn ló jókòó sí.

"Ṣé o ti jẹun?" Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun náà. Ó ní níbẹ̀, agbára á wà lọ́wọ́ òun, òun á wá lè ṣe ohun tó yẹ. Ó sọ ọ́ dáadáa, ohùn náà ṣì dùn. Ó sì dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin náà tó nà gbọọrọ síwájú nítorí kò ṣeé ká mọ́.

"Ọ̀la ni mò ń lọ," ló sọ níkẹyìn. "Mi ò lè lọ láìjẹ́ pé ẹ gbàdúrà fún mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá àdúrà náà nínú ara rẹ̀, òótọ́ ni pé ó wá a. Òun ló ti ń gbàdúrà lé ọmọ yìí lórí láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, láàárọ̀ ìdánwò, nínú àgọ́ ọlọ́pàá, ní ọjọ́ ìbò. Kò rí ọ̀kan.

Aògbà dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní sọ nǹkan kan fún mi?"

"Ọ̀nà ibẹ̀ jìn," ni obìnrin náà sọ. "Ní kí awakọ̀ rẹ kọ́kọ́ yẹ bíréèkì wò."

Àbúrò rẹ̀ tẹ orí ba, ó ní, "Àmín."